Pípín Díìsìkì Láptọ́ọ̀pù: Ètò Lọ́tọ̀, Fáìlì Lọ́tọ̀

Pípín díìsìkì ni pípa ààlà sórí díìsìkì kan ṣoṣo, débi pé kọ̀ǹpútà á máa rí i bíi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kò ní ju díìsìkì kan lọ nínú. Ẹni tó bá fẹ́ kí Windows tàbí Linux wà láyè tirẹ̀, kí ìwé, fọ́tò, orin àti iṣẹ́ ọwọ́ òun náà sì wà láyè tiwọn, ààlà ni yóò pa. Lórí Windows, ìpín tí ètò wà ni C. Ìpín tí à ń kó fáìlì sí sábà máa ń jẹ́ D.

Ètò ṣeé tún fi sínú ẹ̀rọ. Bí iná bá lọ lójijì níbi tí Windows ti ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, tàbí tí fáírọ́ọ̀sì bà á jẹ́, ẹni tó mọṣẹ́ á fi òmíràn sí i láàárín wákàtí díẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ dé orí kẹrin, àkọsílẹ̀ gbèsè oníṣòwò, fọ́tò òbí tó ti dolóògbé, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ "fọ́máàtì" kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti gbé láptọ́ọ̀pù lọ fún àtúnṣe ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá fọ́máàtì C, ohun tó wà lórí Desktop, nínú Documents àti nínú Downloads á bá a lọ, nítorí orí C ni Windows ń kó gbogbo wọn sí. Ohun tó bá wà lórí D, ibi tí a fi í sí náà la ó ti bá a.

Kì í ṣe ààbò fáìlì ló kọ́kọ́ bí ọgbọ́n yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 1983, IBM gbé PC XT jáde pẹ̀lú díìsìkì 10 MB nínú, DOS 2.0 sì bá a dé. Díìsìkì pẹlẹbẹ tí à ń kì bọ ẹ̀rọ ti gba A àti B, bẹ́ẹ̀ ni díìsìkì inú ṣe di C títí dòní. DOS 2.0 kọ àtẹ kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ díìsìkì, ó fún un láyè ìpín mẹ́rin, kí ètò ìdarí tó ju ọ̀kan lọ lè jọ gbé orí díìsìkì kan. Nígbà tí díìsìkì wá tóbi sí i, pípín di dandan: DOS ti IBM kò lè lo ìpín tó ju 32 MB lọ títí DOS 4 fi dé ní 1988. Ẹni tó ra díìsìkì 40 MB á ní D, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ọ̀dọ̀ àwọn oní-Unix ni èrò yíya fáìlì sọ́tọ̀ yìí ti pọ́n jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń ya ibi tí fáìlì wọn wà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ètò. Linux jogún ìyẹn. /home ló ń pè é.

Ààlà yìí kò ṣeé fojú rí lára irin. Bí ìwé sáfè ilẹ̀ ló rí: nọ́ńbà ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé ìpín yìí bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, ó parí lọ́hùn-ún. Àtẹ àtijọ́, MBR, wà nínú báìtì 512 àkọ́kọ́, kò sì lè ka díìsìkì kọjá nǹkan bíi 2 TB. GPT tí láptọ́ọ̀pù òde òní ń lò gba ìpín 128 lórí Windows, ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà àtẹ náà sí ìparí díìsìkì. Nítorí pé àkọsílẹ̀ lásán ni, ẹni tó ṣèèṣì pa ìpín rẹ́ ṣì lè fi ètò bíi TestDisk rí i gbà padà, bí kò bá tí ì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí.

Láti ìgbà Windows Vista, ní 2007, ni Windows ti lè gé ìpín tí nǹkan ti wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣí Disk Management, ẹ tẹ C pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún, ẹ yan Shrink Volume; àyè tó bá yọ lẹ ó sọ di D. Àyè tó ṣófo lè pọ̀ kí Windows sì ní díẹ̀ lòun lè yọ. Ìparí C nìkan ló ti ń gé, bí fáìlì tí kò ṣeé sún bíi pagefile.sys bá sì jókòó sí àárín, ibẹ̀ ló máa dúró. Ẹ pa hibernation àti pagefile ná, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ dá wọn padà. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn ìpín kéékèèké tí kò ní lẹ́tà: láìsí ti EFI, Windows kò ní rí ibi gbéra. Bí BitLocker tó ń ti díìsìkì pa bá wà lórí C, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ oní-nọ́ńbà 48 sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí bátìrì kún, kí okùn iná sì wà lára rẹ̀, torí bí ẹ̀rọ bá kú lẹ́nu iṣẹ́ yìí, fáìlì lè bá a lọ.

D tó ṣófo kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí Properties ti Documents àti ti Pictures, ẹ fi Location gbé wọn lọ sórí D, kí ohun tí ẹ bá fi pamọ́ máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Fífi Word tàbí Photoshop sórí D ò lérè púpọ̀: orí C ni Windows ń kọ orúkọ wọn sí, bí C bá lọ, a gbọ́dọ̀ tún fi wọ́n sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣi í pín jù ni ìwọ̀n. Windows 11 ní 64 GB tó òun, àmọ́ lójú tèmi, C tí kò tó 120 GB, ìyà ni yóò fi jẹ olówó rẹ̀. Díìsìkì 256 GB, tí Windows ń kà sí nǹkan bíi 238, lè gba 120 fún C kó sì ṣẹ́ kù ohun tó lé ní 110. Díìsìkì 128 GB, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí C bá kún tán tí D ṣófo, kò rọrùn láti yá a, nítorí àyè òfìfo tó kàn án gan-an nìkan ni Windows lè fi kún C.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ń ya ètò sọ́tọ̀. Fóònù Android ní ìpín fún ètò àti ìpín fún ohun ìní olówó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù tí a ti nù pátá fi ṣì ń tàn. Láti Catalina, ní 2019, macOS ti gbé ara rẹ̀ sí ìpín tí kò ṣeé kọ nǹkan sí, APFS tó fi ń to fáìlì sì jẹ́ kí òun àti ìpín fáìlì jọ máa pín àyè, tí èyí kò fi ní kún kí ìyẹn ṣófo. Ọ̀nà tó dára jù nìyẹn.

Síbẹ̀, bí díìsìkì fúnra rẹ̀ bá kú, tí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù, tàbí tí ransomware bá wọlé, C àti D ló jọ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣí Disk Management rárá, ẹ kó ẹ̀dà fáìlì yín sórí díìsìkì mìíràn tó wà níta, kí ẹ sì ṣí mélòó kan níbẹ̀ wò, kó dá yín lójú pé wọ́n pé.