Ṣé Rírà Ni àbí Gbígbà? Ọ̀rọ̀ Ìbọn Amẹ́ríkà Lédè Yorùbá

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí Kamala Harris àti Donald Trump pàdé níbi ìtàkùrọ̀sọ àwọn olùdíje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà nílùú Philadelphia, Trump sọ pé Harris fẹ́ gba ìbọn gbogbo ènìyàn. Harris dá a lóhùn pé òun àti Tim Walz tí àwọn jọ ń díje pàápàá ní ìbọn, àwọn kò sì ní gba ìbọn ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò dà bí ohun tó lè ni akọ̀ròyìn Yorùbá lára, àfi bí a bá tẹjú mọ́ “gbà.” Ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn gbà á; ọlọ́pàá tó já ìbọn mọ́ ọdẹ lọ́wọ́ náà gbà á; ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan ti gbà á láàyè. Kọ ọ́ pé “Harris kò ní gba ìbọn,” kí o sì wo iye ìtumọ̀ tí yóò bá a jáde. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ ló yẹ ká máa wá kiri fún ìlànà àwọn olóṣèlú lórí ìbọn. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni, èyí tó máa sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan, ohun tó ń ṣe, àti ẹni tó ń ṣe é sí.

Ẹ wo ohun tí Harris fara mọ́ ní 2019, nígbà tó kọ́kọ́ du ipò ààrẹ: pé kí ìjọba fi dandan kó irú àwọn ìbọn kan lọ́wọ́ aráàlú, kó sì san owó wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pe èyí ní rírà padà. Bí a bá gbé e bẹ́ẹ̀ wọ Yorùbá, wàhálà méjì ló dé. Èkíní, ìjọba kọ́ ló ta ìbọn wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀, kí ló wá ń rà padà? “Ìràpadà” sì ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ pípẹ́. “Ìràpadà ìbọn” á dún bí ẹni pé Olùgbàlà tìtorí ìbọn kú. Èkejì ló wúwo jù. Lójú Yorùbá, kí rírà tó jẹ́ rírà, ẹni tó ni ọjà gbọ́dọ̀ lè kọ̀. Bí ìyá aláta bá ní “mi ò tà á níye yẹn,” ó parí nìyẹn, oníbàárà á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Níbi tí kò ti sí “mi ò tà,” gbígbà ni, bí wọ́n tilẹ̀ sanwó. Nítorí náà, “fífi dandan gba ìbọn, kí a sì san owó rẹ̀” ni èmi yóò kọ. Kò sì yẹ ká pè é ní “gbígbẹ́sẹ̀ lé,” nítorí ohun tí ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé, kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ìpolongo Harris sọ ní 2024 pé ó ti fi dandan yẹn sílẹ̀, òǹkàwé á mọ ohun tó jù sílẹ̀ gan-an àti èyí tó ṣì dì mú: kí wọ́n má ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì máa ṣe ìwádìí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ìbọn. “Ìwádìí” kò fún wa ní ìyọnu rárá. Ẹbí tó fẹ́ fọ́mọ fọ́kọ ti ń ṣe é kí òfin Brady ti 1993, tó pa irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láṣẹ ní Amẹ́ríkà, tó dé.

Irú ìbọn wo wá ni? Àwọn kan á kọ “ìbọn arọ̀jò-ọta.” Àṣìṣe ni. Ìbọn tí òfin Amẹ́ríkà ti 1994 dá dúró, títí òfin náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2004, kì í rọ òjò: bí ìka bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ló ń jáde. Àwọn mìíràn á ní “ìbọn ogun,” ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fòfin dè é nìyẹn ti wá. Ẹni tó fi í ṣọdẹ kò ní gbà. Mo dábàá “ìbọn afàkan-dúnkan,” kí èyí tó ń rọ̀jò ọta bí ìka bá fà á lẹ́ẹ̀kan sì jẹ́ “afàkan-rọ̀jò.” Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Lẹ́yìn ìpànìyàn Las Vegas ní 2017, ìjọba Trump fòfin de ìdí ìbọn kan tó ń mú kí ìbọn máa lọ síwá sẹ́yìn lórí ìka, tí ọta fi ń tú jáde wàràwàrà. Ní oṣù Kẹfà 2024, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìdí ìbọn náà kò sọ ìbọn di afàkan-rọ̀jò, nítorí pé ìfàkan ṣì ni ìdúnkan. Ẹni tó ti kọ “arọ̀jò-ọta” sí méjèèjì kò lè ròyìn ẹjọ́ yìí kó yéni.

Wọ́n lè sọ pé gbólóhùn gígùn kò bá àkọlé ìwé ìròyìn mu. Òótọ́ ni, “òfin ìbọn” kúrú, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Òun ni kó wà lókè, kí àlàyé wà nísàlẹ̀. Àtakò tó le jù ni pé olóṣèlú fúnra rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ tó rọ̀, bí Harris ṣe máa ń sọ ti “ààbò” dípò “ìdíwọ́”. Ta ni ògbufọ̀ tó fẹ́ tú aṣọ lára rẹ̀? Níbi tí olóṣèlú bá ti ń sọ̀rọ̀, kí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Níbi tí akọ̀ròyìn bá ti ń sọ tirẹ̀, kò sí ìdí tí yóò fi yá aṣọ olóṣèlú wọ̀.

“Ẹ̀tọ́” nìkan ni mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 ní kí ẹnikẹ́ni má ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, nítorí náà òǹkàwé Ìbàdàn tó bá gbọ́ “ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn” lè rò pé wọ́n ní ó tọ́ kí olúkúlùkù ní in. Ohun tí Àtúnṣe Kejì sí Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, ti 1791, sọ yàtọ̀: ìjọba ló ń kìlọ̀ fún. Mo ti gbìyànjú “ẹ̀tọ́ àìfọwọ́kàn,” ṣùgbọ́n ìdájọ́ Heller tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe ní 2008, tó fìdí ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀ fún ẹni tó ní ìbọn nílé, sọ pé ẹ̀tọ́ náà ní ààlà. “Àìfọwọ́kàn” ti sọ ju ohun tí adájọ́ sọ lọ. Ní báyìí ná, “ẹ̀tọ́ tí òfin 1791 fi lé aráàlú lọ́wọ́” ni mò ń kọ, bó tilẹ̀ gùn.