Rosal: Abúlé Tí Ìwé Tú

Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàárín ahoro àti àlàpà. Ahoro ni ibi tí àwọn ènìyàn ti gbé rí, tí wọ́n sì ti fi sílẹ̀. Àlàpà ni ògiri ilé tí òrùlé rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò gbádùn láti gbọ́ pé èdè Gaelic ti ilẹ̀ Scotland náà ṣe irú ìyàtọ̀ yìí: làrach ni ojú ibi tí ilé wà rí, tobhta sì ni ògiri tí kò lórùlé mọ́. Ibì kan tí a ti lè rí méjèèjì ni Rosal, abúlé àgbẹ̀ kan ní àfonífojì Strathnaver, ní ìpẹ̀kun àríwá Scotland.

Orúkọ abúlé náà kì í ṣe Gaelic. Èdè àwọn ará Norway ayé àtijọ́ ni. "Pápá ẹṣin" ni ìtumọ̀ rẹ̀. (Ọ̀dọ̀ wọn náà ni Gaelic ti yá tobhta.) Ṣùgbọ́n Gaelic ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń sọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ní ọdún 1962, Horace Fairhurst láti Yunifásítì Glasgow ṣe iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn níbẹ̀. Àwókù ilé ńlá àti kékeré tó nǹkan bí 70. Ilé gbọọrọ ni wọ́n ń gbé: òkúta nísàlẹ̀ ògiri, ògúlùtu ilẹ̀ oníkoríko lórí rẹ̀, igi ló sì gbé òrùlé ró. Ènìyàn wà lápá kan, màlúù lápá kejì, lábẹ́ òrùlé kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú o! Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Ooru ara màlúù ń mú ilé lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń di ajílẹ̀ fún oko.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ààrò tí wọ́n fi ń yan ọkà. Òjò pọ̀ níbẹ̀, oòrùn kò sì mú tó láti sá ọkà. Kí ọkà báálì tàbí óòtì tó ṣeé lọ̀, iná ni wọ́n fi ń mú un gbẹ. Àwọn tó kọ́ irú ààrò bẹ́ẹ̀ mọ ilẹ̀ wọn, wọ́n sì mọ ojú ọjọ́ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ti gbọ́ ahoro, ogun ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ogun ló sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro ní àárín àwọn ọdún 1830. Ẹnikẹ́ni kò gbógun ja Rosal. Ìwé ló tú u. Elizabeth, Countess ti Sutherland, ló ni ilẹ̀. Lójú òfin, ayálégbé lásán ni àwọn àgbẹ̀. Owó tí àwọn olówó tó ń sin àgùntàn lè san lórí ilẹ̀ náà ju tiwọn lọ. Láàárín ọdún 1814 sí 1818 ni wọ́n lé àwọn ará Rosal kúrò. Patrick Sellar, òṣìṣẹ́ Countess yìí, ló ṣe kòkáárí ìléjáde ọdún 1814, òun kan náà ló sì gba ilẹ̀ fún àgùntàn rẹ̀. Wọ́n ń dáná sun òrùlé, nítorí igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀: ẹni tí igi ilé rẹ̀ jóná kò ní ohun tí yóò fi kọ́ òmíràn. Wọ́n gbé Sellar lọ sílé ẹjọ́ ní Inverness ní 1816 lórí ikú tí wọ́n ní ó ti ìléjáde náà wá. Wọ́n dá a sílẹ̀.

"Ìmúdára" ni àwọn tó ni ilẹ̀ ń pe iṣẹ́ yìí. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó bo nǹkan mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Rosal kan, Donald Macleod, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi òkúta kọ́lé, kọ lẹ́tà léraléra sí ìwé ìròyìn Edinburgh ní 1840 sí 1841. Ó ní lóru kan ní 1819, òun dúró lórí òkè, òun sì ka nǹkan bí 250 ilé tó ń jó ní Strathnaver. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, kì í ṣe èdè tí wọ́n sọ nínú ilé wọ̀nyẹn.

Etí òkun ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ará àfonífojì náà lọ, sórí ilẹ̀ olókùúta, pé kí wọ́n di apẹja. Ní ọ̀rúndún ogún, ìjọba gbin igbó yí Rosal ká, ṣùgbọ́n wọ́n dá ojú abúlé sí. Koríko ibẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ojú ebè àti poro àwọn àgbẹ̀ náà sì ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀.