Ìgbéléwọ̀n owó ìrànwọ́ àkàndá ẹ̀dá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọ́tísímù ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan

Ìgbéléwọ̀n owó ìrànwọ́ àkàndá ẹ̀dá ni ètò tí ìjọba Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan fi ń pinnu ẹni tí owó ìrànwọ́ tọ́ sí nítorí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ. Ètò yìí lè léwu fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọ́tísímù, nítorí pé ìpèníjà wọn kì í sábà hàn sójú, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáhùn ìbéèrè sì lè mú kí a fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n.

Ìyípadà ní ọmọ ọdún 16

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélsì, Disability Living Allowance ni owó tí a ń san lórí ọmọdé, òbí ni ó sì ń bá ọmọ béèrè fún un. Bí ọmọ bá pé ọdún 16, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè fún Personal Independence Payment, tàbí PIP, tí òfin Welfare Reform Act ti ọdún 2012 dá sílẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2013. Bí kò bá lè bójú tó ọ̀ràn náà, òbí lè di aṣojú rẹ̀ lábẹ́ òfin.

Bí ó ṣe ń lọ

Lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ ìlera láti ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ìjọba gbéṣẹ́ fún sábà máa ń fọ̀rọ̀ wá ọ̀dọ́ náà lẹ́nu wò, lójúkojú, lórí fóònù tàbí lórí fídíò. Ohun 12 ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò: 10 jẹ mọ́ ìgbé ayé ojoojúmọ́, bí oúnjẹ sísè, ìwẹ̀ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ènìyàn, 2 jẹ mọ́ ìrìn. Àmì 8 ní apá kọ̀ọ̀kan ló ń mú owó wá, àmì 12 ló sì ń mú èyí tó pọ̀ jù wá. Òfin sọ pé a kò gbọdọ̀ kà á sí pé ẹnì kan lè ṣe nǹkan àfi bí ó bá lè ṣe é láìséwu, dáadáa, léraléra, àti láàárín àkókò tó bójú mu.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ́tísímù máa ń gba ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́ gan-an. Bí a bá bi ọ̀dọ́ kan pé, "Ṣé o lè se oúnjẹ?", ó lè dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni", láìfi kún un pé ìyá òun ń dúró ti òun kí iná má baà jó òun. Àwọn mìíràn ti kọ́ láti fi ìṣòro wọn pamọ́: wọ́n á wo ojú olùbéèrè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n á dé ilé tán, àárẹ̀ á dá wọn dùbúlẹ̀. Yàrá àjèjì, iná tó mọ́lẹ̀ jù tàbí ariwo sì lè pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ pátápátá.

Ìpalára náà kò mọ sórí owó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, kọ́rónà, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí okùnfà ikú, tọ́ka sí ìṣòro 28 ní Nottingham nínú ọwọ́ tí a fi mú ìbéèrè PIP obìnrin ẹni ọdún 27 kan tó ní ìṣòro ìlera ọpọlọ, tó sì kú ní ọdún 2019.

Ohun tó ń dín ewu kù

Òfin Equality Act ti ọdún 2010 béèrè pé kí a ṣe àyípadà tó bójú mu fún àkàndá ẹ̀dá. Ọ̀dọ́ lè mú alábàárìn lọ, ó sì lè béèrè pé kí a gba ohùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà sílẹ̀. Ẹ̀rí láti ilé-ìwé, dókítà àti òbí ń fi bí ó ṣe rí lójoojúmọ́ hàn, kì í ṣe bí ó ṣe rí láàárín wákàtí kan. Ẹni tí ìpinnu kò bá tẹ́ lọ́rùn lè béèrè àtúnyẹ̀wò láàárín oṣù kan, kí ó tó lọ sí ilé-ẹjọ́ tó dá dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga fagi lé ìlànà kan tó ń du àwọn tí ìdààmú ọkàn kò jẹ́ kí wọ́n lè dá rin ìrìn àjò ní àmì.

Skọ́tlándì gba ọ̀nà mìíràn. Owó ọmọdé lè máa lọ títí di ọdún 18 níbẹ̀, àti láti ọdún 2022, Adult Disability Payment ti ń rọ́pò PIP. Kò sí ilé-iṣẹ́ aládàáni nínú ìgbéléwọ̀n rẹ̀, a kì í sì í pe ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti ṣe ìpinnu. Ní ọdún 2025, ìjọba Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan gbé àtúnyẹ̀wò PIP lé mínísítà Stephen Timms lọ́wọ́, pé kí ó ṣe é pẹ̀lú àwọn àkàndá ẹ̀dá fúnra wọn.