Hades, Ikú àti Sakpata: Ta Ni Ó Ni Òkú ní Etíkun Àgbádárìgì?

Àbá kan ti ń ràn kálẹ̀ láàrin àwa tí a ń ṣèwádìí ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Wọ́n ní Sakpata tí àwọn Ẹ̀gùn ń bọ láti Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́, ẹni tí Yorùbá ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, òun gan-an ni Hades àwọn Gíríìkì. Àbá náà dùn létí, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé yìí ti mọ Hades, ó sì mọ Ọbalúayé. Kò sídìí tí n óò fi máa ṣàlàyé wọn.

Ohun tó ṣi àwọn alábàá yìí lọ́nà kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rù ń ba àwọn Gíríìkì láti dárúkọ Hades; Plouton, olówó, ni wọ́n sábà ń pè é, torí inú ilẹ̀ ni ọrọ̀ ti ń jáde. Àwa náà kì í la orúkọ Ṣọ̀pọ̀ná mọ́lẹ̀. Olóde là ń wí. Hesiod pàápàá gba àgbẹ̀ níyànjú pé kí ó gbàdúrà sí Zeus abẹ́ ilẹ̀ kí ọkà rẹ̀ lè gbó dáadáa. Ibẹ̀ ni ìjọra náà parí sí.

Ohun tí wọ́n fò dá ni pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń pani, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń gba òkú sílé. Hades kì í pani. Nínú Iliad, ìbò ni òun, Zeus àti Poseidon ṣẹ́, òkùnkùn ìsàlẹ̀ sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló jókòó sí. Nígbà tí Poseidon mi ilẹ̀ tìtì, ńṣe ló fò dìde lórí ìtẹ́, tó figbe ta, kí ilẹ̀ má baà là kí aráyé rí ilé òun. Thanatos, ìbejì Oorun, ni ẹni tí ń wá múni. Nínú Alcestis, eré tí Euripides gbé jáde ní ọdún 438 ṣáájú ìbí Jésù, Thanatos fúnra rẹ̀ ló dé ẹnu ọ̀nà tòun ti idà, tó fẹ́ gé irun obìnrin tó wá mú lọ; òun ni Heracles bá jìjàkadì. Ojúgbà rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni Ikú, ọ̀kan lára àwọn ajogun, tí a ń rúbọ kí ó lè yà lọ́nà ẹni.

Wọn a máa fi Althaea, ìyá kan nínú Iliad, kò wá lójú: ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀, ó ń ké pe Hades kí ó pa ọmọ òun. Kí wọ́n kà á dópin! Erinys, ẹlẹ́san, ni Homer ní ó gbọ́ ẹkún náà.

Sakpata wá ńkọ́? Òkè eèpẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń fún àgbẹ̀ ní ọkà. Bí ó bá sì bínú, àwọn Fọ̀n, ìbátan Ẹ̀gùn, gbà pé ọkà tí èèyàn ti jẹ ni ó ń mú hù jáde lára rẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan di ìléròrò kọ̀ọ̀kan. Ó ń pa, ó sì ń bọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa kì í lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kutome ló ń lọ, níbi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wà. Sakpata ní ojúbọ àti ìyàwó òrìṣà láti abúlé dé abúlé. Ti Hades tí Pausanias rí ní Elis, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣí i, àwòrò nìkan ló sì ń wọlé.

N kò ní sọ pé ẹjọ́ ti parí. Àmọ́ bí mo ti ń wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, ó ṣòro láti rí Hades kankan ní etíkun yìí. Inú ilé ni Yorùbá àtijọ́ ń sin baba wọn sí, ọmọ ń ta omi sílẹ̀ fún un, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Òkú tó ṣì wà lábẹ́ àṣẹ ẹbí kò nílò ọba mìíràn.

Òkú tí kò kan ilẹ̀ rárá ni mo kọjú sí báyìí. Lórí iyanrìn Gberefu ni wọ́n ti ń da àwọn ẹrú gba ìhà òkun lọ, Vlekete tí ó ni òkun àti afẹ́fẹ́ sì ní ojúbọ láàrin ìlú Àgbádárìgì títí dòní. Nínú Odyssey, Athena sọ fún Telemachus pé bí ó bá gbọ́ pé baba rẹ̀ ti kú lájò, kí ó mọ òkìtì ibojì fún un nílé, kí ó sì ṣe ìsìnkú rẹ̀ láìsí òkú. Kí ni ìdílé Ẹ̀gùn ń ṣe fún ẹni tí ọkọ̀ gbé lọ? Ṣé Kutome gbà á, àbí Vlekete ló ni ín? Ẹnu àwọn àgbà tí ń bójú tó ojúbọ Vlekete ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.