Anii àti Nàgó: èdè méjì tí ààlà kan là

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Savalou àti Bantè gòkè lọ sí Djougou yóò la ẹkùn Bassila kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ó sì dúró ní Manigri, yóò gbọ́ ohùn ilé, nítorí Nàgó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ní Bassila àti Pénéssoulou, ọ̀ràn yàtọ̀. Anii ni èdè ibẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá rárá. Bernd Heine, onímọ̀ èdè ará Jámánì, kà á ní ọdún 1968 mọ́ àwọn èdè kéékèèké orí òkè Togo àti Ghana. Àwa ń fi “àwọn” sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di púpọ̀. Nínú Anii, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó ń yí padà.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1897, Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé ààlà Dahomey àti Togo ní Paris. Balanka, ìlú Anii, bọ́ sí apá Togo. Kambolé, tí ó ń sọ Nàgó kan náà pẹ̀lú Manigri, bọ́ síbẹ̀ bákan náà. Ọ̀bẹ kan ni ó gé àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ wọn kò dọ́gba. Nàgó ní ìbátan ńlá lẹ́yìn: láti 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Anii kò ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ Benin, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990, fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti sọ èdè wọn àti láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí abala 11 yìí kan náà dé orí iṣẹ́ Ìjọba, èdè tí onírúurú ẹ̀yà fi ń gbọ́ ara wọn yé ni ó ní kí Ìjọba gbé ga. Ta ni ó ti fi Anii ra iyọ̀ ní Cotonou rí?

Ní 2014, Deborah Morton kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí Anii ti Bassila ní yunifásítì Ohio State, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, Faransé sì ni ọmọ ilé-ìwé Pénéssoulou ń kọ́.

Àwa ńkọ́? Inú wa máa ń dùn bí ará Bassila bá fi Nàgó dá wa lóhùn. Inú tèmi náà a máa dùn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè bí a ti ń kí ènìyàn ní Anii.