Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ sí Ìbọn? Ìtàn Àtúnṣe Kejì Nílẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ 27 péré ni Àtúnṣe Kejì inú ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán títí di òní. Ó mẹ́nu kan ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú tó ń dáàbò bo ìpínlẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti ní ohun ìjà. Ṣé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló wá ni ẹ̀tọ́ náà ni, àbí onílé kọ̀ọ̀kan?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ọba James Kejì, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Nígbà tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè, àwọn aṣòfin kọ ọ́ sínú Ìwé Ẹ̀tọ́ ọdún 1689 pé Pùròtẹ́sítáǹtì lè ní ohun ìjà tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀, bí ipò rẹ̀ bá ṣe mọ, tí òfin bá sì gbà á láyè. Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ẹni tí ẹ̀tọ́ náà kàn. Lásìkò kan náà, ọ̀mọ̀ràn Gẹ̀ẹ́sì John Locke kọ̀wé pé ẹ̀tọ́ àbínibí ni kéèyàn gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, kì í ṣe ìjọba ló ń fún ni. Bí olè bá ká ọ mọ́ ọ̀nà, tí kò sí àyè láti ké sí adájọ́, o lè pa á. Onímọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì William Blackstone wá so méjèèjì pọ̀ nínú ìwé òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1765, àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1775, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbéra ní Boston, wọ́n forí lé Concord láti lọ kó ìbọn àti ẹ̀tù tí àwọn ará ìlú tọ́jú síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ìlú gbé ìbọn ilé wọn, ogun òmìnira Amẹ́ríkà bá bẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1791 ni Àtúnṣe Kejì di òfin.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn dúdú ló dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Bí ẹ̀tọ́ bá jẹ́ àbínibí lóòótọ́, wọ́n bí i mọ́ ẹrú náà. Nínú ẹjọ́ Dred Scott, ẹrú tó ń béèrè òmìnira, ní 1857, Roger Taney, olórí àwọn adájọ́, ní bí a bá pe èèyàn dúdú ní ọmọ orílẹ̀-èdè, yóò lè máa gbé ohun ìjà kiri níbi gbogbo. Ohun tó fi kọ̀ wọ́n nìyẹn, láàárín àwọn ìdí mìíràn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ náà. Ní 1865 tí oko ẹrú dópin, Mississippi sáré ṣòfin pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Ní Colfax, ní Louisiana, lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún 1873, àwọn aláwọ̀ funfun pa ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú, títí kan àwọn tó ti túúbá. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní 1876 pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni Àtúnṣe Kejì dè, àwọn apànìyàn náà sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Abájọ tí Ida B. Wells, oníròyìn aláwọ̀ dúdú, fi kọ̀wé ní 1892 pé kí ìbọn Winchester ní àyè iyì nínú ilé gbogbo èèyàn dúdú.

Ọdún 2008 ni Ilé Ẹjọ́ tó wá là á mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni Dick Heller ní Washington. Ó ń gbé ìbọn ìléwọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin ìlú náà kò jẹ́ kó ní in nílé. Ìbọn gígùn pàápàá, àfi kí onílé tú u palẹ̀ tàbí kó fi kọ́kọ́rọ́ dè é. Heller bá pe ìlú náà lẹ́jọ́. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ló gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ náà. Adájọ́ Stevens kò gbà, ó ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni. Ní 2010, Otis McDonald mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Bàbá aláwọ̀ dúdú ni, ó ti lé ní 70 ọdún, Louisiana kan náà ni wọ́n ti bí i. Olè ń fọ́ ilé rẹ̀ ní Chicago, ìbọn ìléwọ́ tó fẹ́ fi ṣọ́ ilé sì rèé, èèwọ̀ ìlú ni. Ó jàre. Nínú ìdájọ́ yẹn, Adájọ́ Clarence Thomas tún ìtàn Colfax sọ.

Ẹ̀tọ́ náà ní ààlà. Ní 2024, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án fọwọ́ sí i pé kí òfin gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí kóòtù ti rí i pé ó jẹ́ ewu fún olólùfẹ́ rẹ̀, fún ìwọ̀nba àkókò tí àṣẹ kóòtù náà bá fi wà.