Agbẹjọ́rò Kan àti Òfin Tẹ́tẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Washington

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe ohun titun ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni òfin tó dè é kì í ṣe ohun titun. Òfin tí ìpínlẹ̀ Washington ṣe ní ọdún 1973 kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba orí tẹlifóònù, tẹ́lígíráàfù tàbí rédíò fi ìròyìn tẹ́tẹ́ ránṣẹ́. Kódà, wọn kò gbàgbé àsíá tí àwọn atukọ̀ ń jù láti fi pàrokò. Ní ọdún 2006 wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì kún un, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀ràn ńlá: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5, owó ìtanràn tó lè tó 10,000 dọ́là. Ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ òfin náà pẹ̀lú.

Lee Rousso, agbẹjọ́rò tó tún ń ta poker, kò dúró kí wọ́n mú òun. Ní 2007 ó pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Kò jà pé tẹ́tẹ́ dára. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé ìwé òfin Amẹ́ríkà fi òwò láàrin ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ ilé aṣòfin àpapọ̀. Ní Washington kan náà, àwọn ilé tẹ́tẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ń ṣiṣẹ́ ní gbangba. Kí ló dé tí ti onílé fi jẹ́ òwò, tí ti àlejò fi di ẹ̀ṣẹ̀?

Lójú tiwa, ìbéèrè yìí lágbára ju èsì tó rí gbà lọ. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ìpínlẹ̀ láre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2010, gbogbo àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Washington fẹnu kò sí ibì kan náà. Richard Sanders ló kọ ìdájọ́. Wọ́n ní òfin náà kò ṣe ojúsàájú, nítorí pé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló dè, ì báà jẹ́ ọmọ Washington ló dá a sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àwọn ará rẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́tẹ́ tó ti di bárakú, àti láti má ṣe jẹ́ kí ọmọdé bá wọn ta á. Bóyá òfin náà bọ́gbọ́n mu tàbí kò bọ́gbọ́n mu, wọ́n ní ẹjọ́ aṣòfin nìyẹn, kì í ṣe ti adájọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, PokerStars ti ìlẹ̀kùn tẹ́tẹ́ olówó mọ́ àwọn ará Washington. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ tó gba ìwé àṣẹ kò ti tiwọn.